Àmín Lábẹ́ Fọ́tò Mi

Inú bí mi lọ́jọ́ tí Tíṣà kí mi kú ọjọ́ ìbí. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, kò sì ṣe ju pé ó gbé àga ọkọ ẹ̀ wá kí n fi aṣọ tuntun bò ó. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ kú ọjọ́ ìbí àná o. Ẹ̀mí yín á ṣe púpọ̀ ẹ̀." Ìṣó wà lẹ́nu mi lásìkò náà, díẹ̀ ló kù kí n gbé e mì.

Kò sí ẹni tí mo sọ ọjọ́ ìbí mi fún ládùúgbò yẹn. N kò sọ ibi tí mo ti wá, n kò sọ orúkọ bàbá ọmọ mi, tí ìbéèrè bá sì ti ń pọ̀ jù, òòlù ni mo máa ń gbé. Ariwo òòlù kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ràn. Àga ni mo ń tún ṣe: mo máa ń tú aṣọ tó ti gbó kúrò lára ẹ̀, mo máa ń pààrọ̀ fóòmù, mo sì máa ń kan tuntun mọ́ ọn. Yàrá kan lẹ́yìn ìsọ̀ onípákó ni mo ti ń ṣe é, yàrá tó tẹ̀ lé e ni èmi àti ọmọ mi ń sùn.

Ọkùnrin tí mo fẹ́ ló lé wa débẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀ pé ibẹ̀ la wà. Ó ṣẹ́ mi lápá nígbà kan, mo dárí jì í, èmi òmùgọ̀. Nígbà tó tún ṣẹ́ ẹ, ó sọ fún mi pé tí mo bá lọ, ibikíbi tí mo bá forí pamọ́ sí, òun á wá mú ọmọ òun, n kò sì ní fojú kàn án mọ́. Mo gbà á gbọ́. Kì í purọ́ tó bá ń bínú.

"Ta ló sọ ọjọ́ ìbí mi fún yín, Mà?" Mo bi Tíṣà.

"Fóònù mi ni," ó wí. "Mo fẹ́ rí iṣẹ́ ọwọ́ yín kí n tó gbé àga wá, mo wá tẹ nọ́ńbà yín síbẹ̀. Àṣé ẹ lókìkí báyìí? Ẹ wò ó."

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni ojú ìwé onípákó. Òun náà ti ṣí ìsọ̀ sórí ayélujára, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ tún àga ṣe, kó pe obìnrin ẹ̀yìnkùlé òun. Nọ́ńbà mi wà níbẹ̀. Orúkọ òpópónà wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwòrán tó ń júwe ọ̀nà láti ibùdókọ̀ dé ẹnu ilẹ̀kùn wa. Onípákó kò ní ibi nínú. Ó fẹ́ kí n rí iṣẹ́ ṣe ni.

Tíṣà fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ojú ìwé Màámi ṣí. Ìyá mi fẹ́ràn ayélujára ju oúnjẹ lọ. Láràárọ̀ ló máa ń gbàdúrà síbẹ̀, tí ọjọ́ ìbí ọmọ ẹ̀ bá sì pé, kò sẹ́ni tó máa sinmi. "Lónìí ni mo bí àbígbẹ̀yìn mi," ló kọ. "Ẹ bá mi ṣe àmín. Bó ṣe jìnnà sílé yìí, ire ni yóò máa bá a." Ó kọ orúkọ mi ní kíkún, ó kọ ọdún tí wọ́n bí mi, ó fi nọ́ńbà mi sí i kí àwọn èèyàn lè gbé iṣẹ́ wá fún mi. Ìsàlẹ̀ ẹ̀ ni fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́ sí i wà, kó lè mọ̀ pé ara wa le: èmi àti ọmọ mi lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ lọ sílé ìwé. Orúkọ ilé ìwé hàn gbangba lára aṣọ ẹ̀, láyà.

Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó sọ gbogbo ẹ̀. Oníkálukú sọ díẹ̀, díẹ̀ yẹn sì ti tó.

"Ẹ wo bí wọ́n ṣe fẹ́ràn yín," ni Tíṣà ń wí. Àmín ti lọ sùà lábẹ́ fọ́tò náà. Mo gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀, mo ń kà wọ́n lọ, àárín wọn ni mo ti bá ti ọkùnrin yẹn pàdé. "Àmín, Màámi. Aṣọ ilé ìwé yẹn yẹ ọmọ mi. Ẹ bá mi kí i."

N kò rántí bí mo ṣe dá fóònù padà. Mo sáré. Ọ̀gá ilé ìwé ní kí n fara balẹ̀, pé ọmọ mi wà ní kíláàsì, ó ń kun àwòrán. Ó wá fi kún un pé bàbá ẹ̀ pè láàárọ̀, ó bèèrè àsìkò tí wọ́n ń jáde, òun sì ti sọ fún un. "Ó mọ̀rọ̀ sọ," ló wí. Ó mọ̀ ọ́n sọ lóòótọ́. Bó ṣe sọ ọ́ fún èmi náà nìyẹn tí mo fi fẹ́ ẹ.

Mo gbé ọmọ mi, mo sì pe Màámi bí mo ṣe ń di ẹrù.

"Màámi, ẹ yọ gbogbo fọ́tò mi kúrò níbẹ̀."

"Kí ni mo ṣe? Mi ò kọ ibi tó ò ń gbé síbẹ̀ kẹ̀."

"Ẹlòmíì kọ ọ́. Ṣé ẹ̀ ń rí i tó ń ṣe àmín?"

"Láràárọ̀ ló máa ń ṣe àmín sí àdúrà mi. Mo rò pé ó ti yí padà ni."

"Ó ti pe ilé ìwé ọmọ."

Ohùn ẹ̀ wá rẹlẹ̀. "Kò sẹ́ni tó ń wọlé wá kí mi mọ́ látìgbà tí bàbá yín ti lọ. Ibẹ̀ ni mo ti ń rí èèyàn bá sọ̀rọ̀. Ta ni mo tún fẹ́ máa sọ̀rọ̀ ẹ̀ bí kò ṣe ẹ̀yin ọmọ mi?"

Mo mọ̀ pé òótọ́ ni, àánú ẹ̀ sì ṣe mí. Síbẹ̀ mo ń bínú. "Ẹ má dárúkọ mi mọ́. Nọ́ńbà yìí náà, mò ń jù ú nù."

"Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé o wà láàyè?"

"Ẹ ò ní mọ̀, Màámi."

Onípákó yọ ohun tó kọ kúrò níṣojú mi, ó ń bẹ̀ mí bí ẹni tó jalè. Kí ló kù? Aṣọ ò bá Ọmọ́yẹ mọ́, Ọmọ́yẹ ti rìnhòòhò wọjà. Kí ilé ìwé tó jáde, a ti wà nínú ọkọ̀. Mo fi àga Tíṣà sílẹ̀ láìlásọ, ó ṣeé ṣe kó ṣì máa bú mi dòní.

Ilé iṣẹ́ tìmùtìmù ni mo wà báyìí, níbi tí èrò ti pọ̀, tí wọ́n ń fi nọ́ńbà ara ẹ̀rọ pe oníkálukú. Ọmọ mi ń jẹ́ orúkọ mìíràn. Ó kọ́kọ́ máa ń gbàgbé láti dáhùn.

Nígbà tí ọjọ́ ìbí mi tún pé, mo wo ojú ìwé Màámi. Kò sí ohunkóhun nípa mi níbẹ̀, kódà àwọn fọ́tò ìgbà tí mo wà léwe ti lọ. Ó fi òmíràn síbẹ̀: òun jókòó, àwọn ẹ̀gbọ́n mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró yí i ká. Ẹnì kan bi í pé, "Màmá, ṣé gbogbo ọmọ yín nìyí?" A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ìyá mi sì lè bá èèyàn jà lórí ẹ̀. Òun fúnra ẹ̀ ló wá dáhùn pé, "Gbogbo wọn nìyẹn. Mẹ́ta ni Olúwa fún mi." Ohun tí mo ní kó ṣe ló ṣe. Mo sunkún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀.

Ọmọ mi yọjú láti ẹ̀yìn mi. "Màmá àgbà nìyẹn," ó wí. Ó wo fọ́tò náà títí. "Ẹ̀yin dà?"

Mo sọ fún un pé èmi ni mo ń ya fọ́tò náà.