Ẹ̀jẹ̀ Alágbàṣe

"Kí lorúkọ yín?" ni dókítà bi ọkùnrin tó tò síwájú mi.

Kí ọkùnrin náà tó la ẹnu, Bámidélé ti dáhùn fún un. "Adégòkè ni, sà. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Oníkòkó ni wọ́n."

Irọ́ gbuu! Ògúnlẹ́yẹ ni, alágbàṣe tó ń ro oko Adégòkè, ó gbẹ bí igi ìdáná. Adégòkè gan-an wà nílé, ó sanra bí òkété tó wọ oko ẹ̀pà. Bó bá rìn dé ẹnu ọ̀nà, a máa mí bí ewìrì alágbẹ̀dẹ. Àbọ̀dé, ìyàwó rẹ̀, ló bẹ̀ ẹ́ títí pé kí ó lọ yẹ ara rẹ̀ wò, nítorí àyà ń dùn ún. Ẹ̀rù ń ba ìyàwó náà ju ọkọ lọ. Ó lóyún, kò sì lẹ́nìkan ní Fìdítì. Ìmíní ni wọ́n ti gbé e wá.

Ayé òyìnbó la ṣì wà nígbà náà. Àwọn dókítà yìí wá láti Ìbàdàn, wọ́n ní ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, àti iyọ̀ àti irin tó wà nínú rẹ̀, lè sọ ẹni tí àrùn ọkàn ń dọdẹ. Wọ́n ní ká má fi nǹkan kan ẹnu ká tó wá.

Mo tọ́ Bámidélé lẹ́jìká. "Ẹ̀gbọ́n rẹ wá gbẹ báyìí mọ́jú?"

"Ìyá Bọ́lánlé, ẹ gbẹ́nu dákẹ́. Bí wọ́n bá pe iṣẹ́ ojú ọ̀nà, ṣé ẹ̀gbọ́n mi ló ń gbé ọkọ́ lọ ni? Ògúnlẹ́yẹ ni. Ta ni ìlú sì ń sọ pé ó ṣe é? Adégòkè! Ẹ̀jẹ̀ olówó kì í ṣe ohun tí à ń rọ sígò fún àlejò."

Ó kàn mí. Mo búra pé n ò jẹun. Dókítà wo ètè mi, epo àkàrà ń dán lórí rẹ̀ bí ìpara. Ẹ gbà mí o! Èmi tí mò ń dín àkàrà tà, báwo ni n óo ṣe mọ̀ bóyá iyọ̀ tó, bí n ò bá tọ́ ọ wò? Ó ní kí n padà wá lọ́la. Mo gbé ìdí mi ńlá padà sílé.

Nígbà tí èsì dé, wọ́n ní ọ̀rá kún ẹ̀jẹ̀ mi. "Dókítà," ni mo wí, "bí òróró bá wọ́n, ṣé kí n máa fà á fi dín àkàrà?" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá yíjú sí Bámidélé, ó ní ẹ̀jẹ̀ Adégòkè mọ́ bí omi òjò, kò sí ohun tó ń ṣe ọkàn rẹ̀.

Ẹ wá wo nǹkan! Adégòkè, tí abẹ́rẹ́ kò kan apá rẹ̀ rí, gba èsì náà gbọ́. Lójú tirẹ̀, ẹni tó ránni níṣẹ́ ló ṣiṣẹ́. Bí Àbọ̀dé bá gé ọ̀rá kúrò lára ẹran, a ti àwo sẹ́yìn. "Ṣé o gbọ́n ju dókítà lọ ni? Gbé èyí tó lọ́ràá wá jàre."

Nídìí irú àwo bẹ́ẹ̀ ló ti di àyà mú lẹ́yìn ìkórè kòkó. Ó ṣubú, ó kú.

Àwọn àgbà ẹbí pé. Bámidélé dìde. "Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi mọ́, ọkàn rẹ̀ le koko. Kí ló wá pa á? Ta ló ń bu oúnjẹ fún un?"

Wọ́n gbé omi tí wọ́n fi wẹ òkú wá nínú igbá. Ìfófòó ọṣẹ wà lójú rẹ̀, irun òkú léfòó nínú rẹ̀. Wọ́n ní kí Àbọ̀dé mu ún.

"Ẹ̀yin baba mi, ẹ dákun," ni Àbọ̀dé wí lórí ìkúnlẹ̀. "Èmi ni mo ní kí ó lọ bá dókítà. Ṣé ẹni tó fẹ́ pa ọkọ ló ń wá ìwòsàn fún un? Ẹ wo oyún inú mi."

Mo já wọ àárín wọn. "Ẹ̀jẹ̀ Ògúnlẹ́yẹ ni dókítà rí! Ojú mi báyìí ló ṣe! Ògúnlẹ́yẹ, fọhùn! Àbí o ti gbé ahọ́n rẹ mì?"

Ògúnlẹ́yẹ wà lẹ́nu ọ̀nà. Bámidélé wò ó, Bámidélé tí yóò jogún oko tí Ògúnlẹ́yẹ ń ro àti ahéré tí òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ ń sùn sí. Ògúnlẹ́yẹ wolẹ̀.

"N ò mọ ohun tí Ìyá Bọ́lánlé ń sọ."

"Ẹ ò gbọ́?" ni Bámidélé wí. "Èéfín àkàrà ti wọ̀ wọ́n lágbárí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òkú wà nínú yàrá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín! Wọ́n wọ́ mi síta. Ọkùnrin mẹ́rin ló gbà, n kì í ṣe ẹrù ọmọdé, mo sì fi eyín ṣe ọ̀kan lápá léṣe. Láti ìta ni mo ti gbọ́ tí Àbọ̀dé ń bì. Mo gbọ́ ohùn Bámidélé: "Mu ún tán. Gbogbo ẹ̀."

Ìgbẹ́ gbuuru kọlù ú. Oyún wálẹ̀, òun náà sì tẹ̀ lé e. Àwọn àgbà ẹbí ń fọwọ́ pa irùngbọ̀n, wọ́n ní omi ti dájọ́, ì bá yè ká ní ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

Baba rẹ̀ wá láti Ìmíní láti gbé òkú. Wọ́n ní kí ó kọ́kọ́ tọrọ àforíjì nítorí ọmọ tó bí. Òjò ti rọ̀ lọ́jọ́ náà. Arúgbó náà bọ́ fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀. Bámidélé jókòó, ó ń tayín. Ó jẹ́ kí ó pẹ́ nílẹ̀ dáadáa.

"Ó tó, Baba," ló wí nígbẹ̀yìn. "Ẹ dìde. A ti dárí jì yín."