Kọ̀ǹpútà Tí Mo Pọ̀n

Àǹtí mi, ẹ má tíì dìde, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n tó gbàgbé. Mo lá àlá pé kọ̀ǹpútà alágbèéká tí bùrọ̀dá wa fi ń gbá géèmù kò tàn mọ́, bẹ́ẹ̀ ìdíje wọn ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ara rẹ̀ gbóná bíi ti ọmọ tí ibà ń ṣe. Mo fi tówẹ̀lì tútù nù ún, mo pọ̀n ọ́n, mo so ọ̀já. Ó ń mí sí mi lẹ́yìn, fùù, fùù.

Bùrọ̀dá wọlé, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ẹ̀yìn rẹ ló dí ihò tó fi ń mí! Sọ̀ ọ́ kalẹ̀!"

Mo tú ọ̀já, kò bọ́. Ó ti lẹ̀ mọ́ mi.

"Tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ nígbà náà. Iná ilé yìí kò tó o ni. Yóò wá èyí tó máa tó o."

Mo na ọwọ́ sẹ́yìn, mo tẹ̀ ẹ́. Fáànù rẹ̀ yí díẹ̀, ó dákẹ́. Màmá wa tí wọ́n jókòó sínú oòrùn lẹ́nu ọ̀nà fa ìró bo èjìká. "Ta ló jẹ́ kí ọyẹ́ wọlé?"

Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yìn mi ń jó, Màmá ń gbọ̀n, ètè wọn ti funfun.

"Bùrọ̀dá, ooru ara Màmá ló ń fà!"

"Mo mọ̀. Ó ti fẹ́ tàn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù."

Mo ní n kò tẹ̀ ẹ́ mọ́, mo ká ọwọ́ méjèèjì sáyà. Àfi bí ìka tútù kan ṣe kàn mí lẹ́yìn. Màmá ni.

"Jẹ́ kó tàn fún un," ni wọ́n wí, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́.

Ni mo bá jí.