Aago Tí Kò Dákẹ́

Ó dá aago tó kẹ́yìn lórí ògiri dúró, ó sì tẹ́tí sílẹ̀. Kì, kì, kì. Gbogbo aago inú ṣọ́ọ̀bù ti dákẹ́, síbẹ̀ ọ̀kan ṣì ń lù.

Etí-kì-í-parọ́ ni àwọn oníbàárà ń pe atúnaagoṣe náà, nítorí bó bá ti gbé aago sétí báyìí, á ti mọ ibi tó ń dùn ún kó tó tú u. Ṣùgbọ́n láti àárọ̀ ni aago yìí ti ń fi í ṣeré. Bó bá dìde fìrì, aago á sáré; bó bá jókòó jẹ́ẹ́, òun náà á rọra. Ó wo abẹ́ tábìlì, ó tú àpótí irinṣẹ́. Ẹ̀rù wá ń ba àgbàlagbà.

Orí ìkúnlẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ bá a. Ó ní ṣé àwọn aago ń gbààwẹ̀ ni. Bí ọkùnrin náà ṣe yíjú, ẹ̀rín kú lẹ́nu ìyàwó. Etí ọ̀tún ọkọ rẹ̀ ti yọ síwájú, bí ìgbà tí ẹnìkan dúró lẹ́yìn rẹ̀ tó ń fi ìka tì í. Ẹ̀yìn etí náà wú, ó pọ́n, ó ń dán.

"Kí lẹ fi dí etí yìí?"

"Òwú ni. Kí ọyún má baà kán sínú aago oníaago."

Ó ní kó dìde kí àwọn lọ sílé ìwòsàn. Ọkùnrin náà ní kó jẹ́ kí òun kọ́kọ́ rí aago tó ń lù yìí.

Obìnrin náà tẹ́tí sílẹ̀.

"Bàbá, kò sí aago kankan tó ń lù níbí."

Dókítà ní ọyún tí òwú sé mọ́lé ti wọnú eegun ẹ̀yìn etí, ó sì ń jẹ ẹ́. Àwọn gbọ́dọ̀ là á lónìí, kó tó dé ọpọlọ, kó tó pa á. Kò lè ṣèlérí pé etí náà á tún gbọ́ràn. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Nọ́ọ̀sì di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń ka bí iṣan ṣe ń lù. Ọkùnrin náà bẹ̀ ẹ́ pé kó máa fi ìka lu bẹ́ẹ̀dì bí iṣan náà ṣe ń lù. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó ń lù ú: kì, kì, kì.

Aago tó ń wá gan-an nìyẹn. Kò yẹ̀ rárá.

Ó rántí bó ṣe ń wá a kiri láti àárọ̀ kó lè dá a dúró. Nígbà tí wọ́n ń tì í lọ síbi iṣẹ́ abẹ, ó di ojú, ó fi etí tó ń dùn ún sílẹ̀ fún ọkàn rẹ̀, ó sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kó máa lù.