Ìṣẹ́jú Márùndínlọ́gọ́ta

Tíkẹ́ẹ̀tì bàálù ni mò ń tà. Àwọn oníbàárà á sì máa yọ mí lẹ́nu bí ẹni pé èmi ni mo la ọ̀nà sójú sánmà. "Ṣé kò lè yá jù bẹ́ẹ̀ lọ ni?" Ẹgbẹ̀ta kìlómítà, ìṣẹ́jú márùndínlọ́gọ́ta! Ṣé kí n wá máa tì í lẹ́yìn ni? Ẹnu mi mú, ọ̀gá mi ti sọ̀rọ̀ títí, ó ti sú u.

Ẹgbẹ̀ta kìlómítà yẹn náà ló wà láàárín èmi àti ìyá mi.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ kó wá síbí, bàálù kì í lọ tààrà. Èèyàn á kọ́kọ́ sọ̀ ní ìlú mìíràn, á sùn síbẹ̀, á wọ òmíràn lọ́jọ́ kejì. Bẹ́ẹ̀ ni Màmá ṣe mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ sì ni àbúrò mi ọkùnrin, kápẹ́ńtà tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni èyí tó ń lọ tààrà bẹ̀rẹ̀. Èmi gan-an ni mo ta tíkẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́. Mi ò sọ fún wọn. Kí n má purọ́, ó rọ̀ mí lọ́rùn. Tí Màmá bá ní àárò mi ń sọ wọ́n, màá ní, "Màmá, ìrìn ọjọ́ méjì!" Wọ́n á ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu.

Ní ọjọ́ Ajé, aago méje àárọ̀, àbúrò mi pè.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Ara Màmá ò yá, a ti wà ní ọsíbítù láti ọjọ́ Ẹtì. Àwọn ló ní kí n má pè yín, pé ọ̀nà yín jìn. Ṣùgbọ́n wọ́n ń bèèrè yín láti ìdájí."

"Mò ń bọ̀!"

Àyè wà nínú bàálù aago mẹ́wàá. Tí mo bá wọ̀ ọ́, màá ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Màmá lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ibẹ̀ gan-an lẹ̀rù ti bà mí. Kí ni màá wí? Wọ́n á mọ̀ pé ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ń tàn wọ́n jẹ. Ojú tì mí, mo ra ti ọjọ́ kejì. Mo ní ọjọ́ kan ṣoṣo náà ni, kò lè sí nǹkan kan. Orí mi ò pé rárá!

Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ kejì, ẹnu géètì ọsíbítù ni àbúrò mi dúró sí. Mo wo ojú rẹ̀, mo ti mọ̀. Màmá ti lọ ní ìrọ̀lẹ́ àná.

Ó gba báàgì lọ́wọ́ mi, ó fi mí jókòó sórí bẹ́ńṣì.

"Ẹ má dá ara yín lẹ́bi o, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé ẹ̀yin lẹ ní kí ọ̀nà gùn ni? Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń bi mí pé, 'Ó dé ibo báyìí?' Mo sì ń ṣírò rẹ̀ fún wọn. Lọ́sàn-án, mo ní ẹ ti sọ̀ kalẹ̀. Ní aago mẹ́fà, mo ní ẹ ti rí ibi tí ẹ máa sùn. Wọ́n ní, 'Ṣé ó ti jẹun?' Mo ní ẹ ti jẹun. Bí wọ́n ṣe dijú nìyẹn."

Aago mẹ́fà àná, mo wà ní pálọ̀ mi, mò ń lọ aṣọ tí mo wọ̀ wá. Mo la ẹnu kí n sọ fún un. Ṣùgbọ́n ó ti bẹ̀rẹ̀ síwájú mi, ó ń tú okùn bàtà mi, ó ní ẹsẹ̀ mi á ti wú.