Ẹ̀sùn Tí Ìyàwó Mi Ná Wálẹ̀

Bí inú bá ń bí Àrìnpé ìyàwó mi, ọ̀rọ̀ kékeré kì í gba ẹnu rẹ̀ jáde. Eèrà á di erin. Mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n n kò ní torí ìfẹ́ purọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, Dúrótoyè àbúrò rẹ̀ pe àwa àti àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì méjì wá jẹun. Olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni Dúrótoyè ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan. Kò tíì níyàwó, òun fúnra rẹ̀ ló gún iyán náà. Àrìnpé bu òkèlè kan, ó dáwọ́ dúró.

"Kókó wà nínú uyán yìí," ó ní. "Abájọ tí obìnrin kankan ò fi dúró nínú ulé rẹ."

Ní Èkìtì! Níwájú àlejò! Dúrótoyè bu iyán ẹ̀kúnwọ́, ó sọ ọ́, ó bà á lórí gèlè. Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín mi yẹn ló lé ìyàwó mi dé àgọ́ ọlọ́pàá.

Ohun tó sọ níbẹ̀, ọjọ́ Ẹtì tí wọ́n wá mú Dúrótoyè lẹ́nu iṣẹ́ ni mo tó gbọ́ ọ. Ó ní ṣe ni àbúrò òun yọ àdá sí òun, ó sì fẹ́ pa òun.

"Bí mo bá ní uyán ló sọ lù mí," ó bi mí, "ta ló máa gbé bírò?"

Ara rẹ̀ balẹ̀ títí fóònù fi dún láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Màmá wọn ni. Màmá ti wọ ọkọ̀ ní Ògòtún, wọ́n ń bọ̀ wá kí àwọn ọmọ wọn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, lọ́jọ́ tí a sin bàbá wọn, Màmá kó gbogbo ọmọ jọ, wọ́n ní ẹni tó bá fi ọlọ́pàá mú ọmọ ìyá rẹ̀ kò gbọdọ̀ pe àwọn ní ìyá mọ́. Màmá kì í sì í sọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì. Jìnnìjìnnì bo Àrìnpé débi pé bàtà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wọ̀ jáde.

"Bàbá Tẹniọlá, ẹ wá bá mi gba béèlì rẹ̀ kí Màmá tó dé," ó ní. "Ẹ̀yin lẹ ń ṣiṣẹ́ ìjọba."

Sàájẹ́ǹtì Bọ́lánlé, obìnrin tí ẹjọ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, wo káàdì iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ mi, ó sì dá a padà.

"Káàdì yín dára, sà, ṣùgbọ́n ẹ̀sùn yìí jù ú lọ. Bó bá ṣe ìjà lásán ni, ẹnì kan tó níṣẹ́ lọ́wọ́ ló máa dúró fún un, á sì máa lọ sílé. Bó bá jẹ́ olè ni, a ó béèrè onídùúró méjì, a ó sì fẹ́ mọ ilé wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó yọ àdá láti pànìyàn? Kóòtù gíga ní Adó là ń gbé e lọ. Adájọ́ ló máa sọ bóyá ó lè gba béèlì tàbí kò lè gbà á."

Bó ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni Timothy, ọmọ àdúgbò wa tó fọ́ ẹnu ẹnì kan nídìí bọ́ọ̀lù, jáde láti inú sẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ buwọ́ lùwé. Timothy di bẹ́líìtì rẹ̀, ó kí wa, ó bá tirẹ̀ lọ.

Àrìnpé lanu. "Ẹni tó fọ́ eyín ọmọ ọlọ́mọ ń lọ ulé, àbúrò mi ń lọ Adó?"

"Ìjà ni tirẹ̀, mà. Ẹ̀yin lẹ sọ pé wọ́n fẹ́ pa yín."

Ìyàwó mi gbé ọwọ́ lé tábìlì. "Àdá náà ò tóbi."

"Bó ti wù kó kéré, Adó ni."

"Ọ̀bẹ ni, bí mo ṣe wá ń rántí báyìí."

"Ọ̀bẹ náà, Adó ni."

"Kò mú. Kò lè gé tòmátì."

"Bó bá kàn fi halẹ̀ ni, kóòtù tó wà nítòsí lè gbọ́ ọ. Onídùúró méjì, ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ilé."

"Bó bá jẹ́ ṣíbí ńkọ́?"

Sàájẹ́ǹtì ju bírò sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ṣé ọjà lẹ rò pé ẹ wà ni? Kí ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an?"

Àrìnpé wo ojú mi, ó wo ojú ọ̀nà. Àánú rẹ̀ ṣe mí dénú, nítorí n kò rí i kí ó kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ rí.

"Uyán ni," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Kí lẹ wí?"

"Uyán! Uyán ló sọ lù mí! Urọ́ ni mo pa!"

"Ṣebí mo ti ń wí i látàná!" Dúrótoyè pariwo láti inú sẹ́ẹ̀lì.

Gbogbo àgọ́ bú sẹ́rìn-ín. Sàájẹ́ǹtì nu omijé ojú rẹ̀, ó ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún Dúrótoyè, pé kò nílò onídùúró kankan mọ́. Lẹ́yìn náà ló wá fajú ro.

"Ṣùgbọ́n ẹni tó parọ́ fún ọlọ́pàá náà ti rú òfin, mà. Ẹ jókòó síbẹ̀ yẹn. Ẹ̀ṣẹ̀ yín ò wúwo púpọ̀, onídùúró kan ti tó."

Mo tún na káàdì mi. Kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, Dúrótoyè ti fi tirẹ̀ lélẹ̀ lórí tábìlì. Kò tíì wọ bàtà.

"Èmi ni mo máa dúró fún wọn."

"Ẹ̀yin tí wọ́n fẹ́ sọ di apànìyàn?" Sàájẹ́ǹtì wò ó tìyanu-tìyanu. "Ẹ mọ̀ pé bí wọ́n bá sá lọ, ẹ̀yin la ó mú?"

"Níbo ni wọ́n máa sá lọ? Ọjọ́ tí bùọ̀dá yìí bá bí wọn nínú, ulé mi náà ni wọ́n ń sá wá."

Òótọ́ ni. Ibẹ̀ ni mo máa ń lọ bẹ̀ ẹ́. Àrìnpé bú sẹ́kún, ó dì mọ́ àbúrò rẹ̀, kò sì fẹ́ fi í sílẹ̀ títí tí wọ́n fi kọ̀wé tán.

Ọ̀kadà kan ṣoṣo la rí, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì há ara wa sẹ́yìn rẹ̀. Bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé wa ni ọkọ̀ Màmá dúró. Wọ́n gbá àwọn ọmọ wọn méjèèjì mọ́ra. Wọ́n wá rí ojú Àrìnpé tó ti wú, wọ́n sì yíjú sí mi.

"Bàbá Tẹniọlá, kí lẹ fi ọmọ mi ṣe?"

Mo wo Àrìnpé, mo wo Dúrótoyè. Kò sí ẹni tó wúkọ́ nínú wọn. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo ní kí Màmá dárí jì mí.