Ẹrù Ìkúnlẹ̀ Mọ̀dínátù

"Ṣebí oṣù tó ń bọ̀ lẹ sọ fún mi?"

Ọ̀gbẹ́ni Olúsànyà tún bi wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Ó dúró ti ọkọ̀ ìjàpá rẹ̀ nínú àgbàlá, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wo Sàlàkọ́ tó jẹ́ ayálégbé rẹ̀, ó tún ń wo ìyá Sàlàkọ́. Sàlàkọ́ tẹjú mọ́lẹ̀. Ìyá kọjú sí ògiri, bí ẹni pé ògiri ni wọ́n bi ní ìbéèrè. Nínú yàrá tó wà lẹ́yìn wọn, Mọ̀dínátù, ìyàwó Sàlàkọ́, mí kanlẹ̀, Ìyá Kẹ́mi, ìyàwó onílé, sì ń sọ fún un pé kó rọra.

Ìrọbí bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Sàlàkọ́ wà ní Jímọ́ọ̀. Nígbà tó fi máa ti mọ́ṣáláṣí Ìkòtún dé, ìyá rẹ̀ ti gbé ẹrù ìkúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà: abọ́ tánganran ńlá kan tí wọ́n fi aṣọ funfun bò, àti kẹ́ẹ̀gì kẹrosíìnì tí nọ́ọ̀sì ní kí aláboyún kọ̀ọ̀kan mú wá fún sítóòfù tó fi ń se omi. Onílé ti ibi iṣẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́, ó ṣí iwájú ọkọ̀ fún wọn, torí iwájú ni ọkọ̀ ìjàpá ń gbé ẹrù sí, níbi tí táǹkì epo rẹ̀ wà. Sàlàkọ́ to ẹrù náà síbẹ̀, wọ́n pa á dé. Ìgbà tí Ọ̀gbẹ́ni Olúsànyà jókòó tó yí kọ́kọ́rọ́ ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ọkọ̀ náà húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó kú. Ó tún un yí. Kò tilẹ̀ húkọ́ mọ́.

"Mo rò pé ó ṣì ku díẹ̀ ni. Epo tó wà nínú rẹ̀ ni mo fi lọ síbi òkú ní Ìjẹ̀bú ní Sátidé," ni onílé wí. Ohùn rẹ̀ kò le, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dun Sàlàkọ́. "Ká ní mo mọ̀ pé oṣù yìí ni, ṣé mi ò ní fi díẹ̀ sílẹ̀ ni? Ẹ̀yin náà mọ̀ pé epo ò sí nílùú."

Ìyá ló sọ pé oṣù tó ń bọ̀ ni. Láti ọjọ́ tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé ló ti ń fi oṣù kan kún un fún gbogbo ẹni tó bá béèrè. Lójú tirẹ̀, a kì í jẹ́ kí ará ilé mọ oṣù tí aláboyún máa bí, torí kò sí ẹni tó mọ inú ẹlòmíràn. Nígbà oyún àkọ́kọ́, gbogbo ilé ló mọ oṣù, àwọn kan tiẹ̀ ń ka ọjọ́. Ilé ni Mọ̀dínátù bí ìyẹn sí. Ọmọ náà ò rí ojúmọ́, ẹ̀jẹ̀ sì ya lára ìyá rẹ̀ títí ètè rẹ̀ fi funfun. Ìyá ní ẹnu ayé ló ṣe é. Nígbà tí ti èyí wá dé, Sàlàkọ́ ò bá a jiyàn. Nígbà tó lọ bẹ onílé fún ọkọ̀, irọ́ ìyá rẹ̀ náà ló gbé lọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí Nọ́ọ̀sì Ọláwùmí sọ ní ilé ìgbẹ̀bí rẹ̀ ní Ẹgbẹ́dá ò kúrò létí rẹ̀. Obìnrin náà ti yẹ Mọ̀dínátù wò, ó gbọ́ ìtàn ọmọ àkọ́kọ́, ó wá kọjú sí ọkọ. Ó ní, "Má jẹ́ kó bí i sílé. Ẹ̀jẹ̀ yẹn lè tún ya. Abẹ́rẹ́ tó ń dá a dúró wà lọ́wọ́ mi níbí, kò sí nínú ilé yín."

Bíríkìlà ni Sàlàkọ́. Lọ́dún yẹn tí ìjọba san àfikún owó oṣù tí wọ́n ń pè ní Údójì fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, onílé fi tirẹ̀ ra ọkọ̀, nígbà tí Ìyá Kẹ́mi sì bí àbíkẹ́yìn wọn, ọsibítù ìjọba ló bí i sí, ilé iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ ló gba ìnáwó rẹ̀. Kò sí ilé iṣẹ́ kankan tó máa gba ti Sàlàkọ́. Iṣẹ́ òòjọ́ ló ń ṣe, láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú omi tó kó sìmẹ́ǹtì ti há sórí òkun, tí sìmẹ́ǹtì ò sì dé ọjà, iṣẹ́ òòjọ́ náà kì í wà lójoojúmọ́ mọ́. Àwọn ọlọ́jà sì ti fi owó lé gbogbo nǹkan, bí ẹni pé gbogbo ayé ló gba Údójì.

Nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń kó ẹrù ìkúnlẹ̀ jọ. Bí wọ́n bá ra òwú, Dẹ́tọ́ọ̀lù á dúró di ọ̀sẹ̀ mìíràn. Bẹ́lẹ́èdì, okùn ìwọ́, òróró ólífì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń bọ́ sínú abọ́ tánganran náà. Aṣọ ìlédìí ọmọ, bẹ́ẹ̀dìṣíìtì tí Ìyá Kẹ́mi fẹ́ fi nulẹ̀ ni Mọ̀dínátù tọrọ, ó gé e, ó fi ọwọ́ rán etí rẹ̀. Ní ti owó nọ́ọ̀sì, Sàlàkọ́ bá a rẹ́ ògiri ẹ̀yìn ilé ìgbẹ̀bí fún apá kan rẹ̀, apá kejì ni wọ́n ń san wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Kẹ́ẹ̀gì ni wọ́n ṣe kẹ́yìn. Mọ̀dínátù ní kí wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀ fún òun. Ọṣẹ ló ń tà ní gáréèjì, ó ní òun á máa fi èrè rẹ̀ bu ú. Nígbà tí kẹ́ẹ̀gì náà kún, ó yọ́ àbẹ́là dí ẹnu rẹ̀, ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí i, ì báà jẹ́ pé kò sí ohun tí wọ́n máa fi dáná.

Ìyá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nínú àgbàlá. Ó ní kí wọ́n má jẹ́ kí Mọ̀dínátù gbọ́ pé epo tán. Bí ẹ̀rù bá ba ẹni tó ń rọbí, ọmọ á takú. Wọ́n fẹnu kò pé kí wọ́n sọ fún un pé onílé ń jẹun lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni Sàlàkọ́ sáré jáde.

Ó kọ́kọ́ dé ilé Tíṣà Adéríbigbé tó ní alùpùpù. Ìyàwó tíṣà ní ó ti lọ sí Àgbàdo láti àárọ̀, kò sì mọ ìgbà tó máa dé. Ó sáré dé ilé epo tó wà ní oríta Ìkòtún. Wọ́n ti gbé dúrọ́ọ̀mù dí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ọkọ̀ tò láti ibẹ̀ lọ, ojú ò tó ìparí rẹ̀, àwọn dẹ́rẹ́bà na ẹsẹ̀ jáde lójú wíńdò. Sàlàkọ́ ṣàlàyé ara rẹ̀ fún onítakisí kan. Ó ní ìyàwó òun ń rọbí, Ẹgbẹ́dá lásán ni, owó tó bá pè ni òun máa san, ì báà jẹ́ pé òun máa rẹ́ ògiri fún un.

Ọkùnrin náà ò dìde. "Bọ̀ọ̀dá, bí mo bá ní epo, ṣé ibí ni mo máa sùn sí?"

Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Àgbàlagbà kan láàárín wọn ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó jókòó sórí táyà, ó ní kí Sàlàkọ́ má fi àkókò ṣòfò níbẹ̀, ẹni tó bá ní epo lónìí, inú ilé ló gbé e pa mọ́ sí.

Òótọ́ ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń tọ́jú bẹntiróòlù sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n ilé kan ti jó ní Ìgàndò nítorí ẹ̀, látìgbà náà ni Ọ̀gbẹ́ni Olúsànyà ti pe gbogbo ayálégbé jọ, ó ní ẹni tí òun bá ká epo mọ́ lọ́wọ́, kó yáa ti máa wá ilé mìíràn. Bí Sàlàkọ́ ṣe ń padà bọ̀, ilé dé ilé ló ń yà. Àwọn kan ní àwọn ò ní. Àwọn kan ò ṣílẹ̀kùn.

Lẹ́bàá kòtò àgbàrá ló ti bá Nùrẹ́nì, tó ń fi ọmọlanke kó ẹrù fún àwọn alápatà. Ọmọlanke náà ṣófo. Sàlàkọ́ dúró, ó wò ó títí. Kò tíì sọ̀rọ̀ tí Nùrẹ́nì fi mọ̀ pé nǹkan wà ńlẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ọ tán, kò béèrè owó. Ó kàn ní, "Ẹran ni mo fi kó láàárọ̀. Jẹ́ kí n da omi sí i ná."

Nígbà tí wọ́n ti ọmọlanke wọ àgbàlá, oòrùn ti ń wọ̀. Ìyá Kẹ́mi ti jáde síta. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé bí ìrora náà bá ṣe lọ báyìí ló ń padà, kò sáyè mọ́ láàárín wọn.

"Ọ̀nà Ẹgbẹ́dá jìn fún nǹkan yìí," ó ní, ó na ọwọ́ sí ọmọlanke. "Gbágungbàgun ni gbogbo ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká bí i síbí. Mo ti rí ìbí rí."

"Èmi náà ti rí i rí," ni Ìyá dá a lóhùn. "Ọwọ́ mi báyìí ni ti àkọ́kọ́ ti bọ́."

Ọ̀gbẹ́ni Olúsànyà gbé ìrọ̀rí ìjókòó ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ jáde, ó tẹ́ ẹ sínú ọmọlanke, ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò. Ó bi gbogbo àwọn ayálégbé tó dúró síbẹ̀ bóyá ẹnì kankan ní epo, ìgò kan péré. Ó ní òun ò ní bínú. Wọ́n mi orí. Lọ́jọ́ yẹn, ó hàn lójú rẹ̀ pé ì bá wù ú kí ẹnì kan ti ṣàìgbọràn sí òun.

Ìyá rìn lọ bá a níbi ọmọlanke. "Bàbá Kẹ́mi," ó ní. "Èmi ni mo fi oṣù kan kún un. Ọmọ mi ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ẹ̀rù ẹnu èèyàn ló ń bà mí, mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin ni mo máa ti ibẹ̀ tàn jẹ."

Onílé ṣì ń tún ìrọ̀rí náà tò nígbà tí ìlẹ̀kùn yàrá ṣí.

Mọ̀dínátù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ kan di férémù mú. Òógùn ti mú kí ìborùn rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lọ́rùn. Ó wo ọkọ̀, ó wo ọmọlanke, ó wo Nùrẹ́nì.

"Kí ni ọmọlanke ń ṣe níbí?"

"Padà wọlé, ìyàwó mi," ni Ìyá wí. "Bàbá Kẹ́mi ń jẹun lọ́wọ́."

"Bàbá Kẹ́mi rèé tó dúró yìí."

Sàlàkọ́ rí i pé irọ́ kan ti tó. Ó súnmọ́ ìyàwó rẹ̀, ó gbà á mú léjìká. "Epo ló tán nínú ọkọ̀," ó ní. "Mo ti wá a títí, mi ò rí i. A máa tì ọ́ lọ. Nùrẹ́nì máa bá mi tì í. A ò ní jẹ́ kó gbò ọ́."

"Epo?" Mọ̀dínátù wò ó. "Epo lẹ ti ń wá láti ìgbà yìí?"

Ìrora mìíràn gbé e. Ó tẹ orí mọ́ férémù, èékánná rẹ̀ wọ Sàlàkọ́ lápá. Gbogbo wọn dúró bẹ́ẹ̀, wọ́n ń gbọ́ bó ṣe ń mí, títí ó fi rọlẹ̀.

"Kẹ́ẹ̀gì mi dà?" ó ní.

"Ó wà nínú ọkọ̀. Má ronú kẹrosíìnì nọ́ọ̀sì báyìí jàre."

"Ta ló pè é ní kẹrosíìnì? Kẹrosíìnì nọ́ọ̀sì, mo ti gbé e lọ fún un nígbà tí mo lọ yẹ ara wò."

Mọ̀dínátù kọjú sí onílé, ó fẹ́ kúnlẹ̀, ikùn rẹ̀ ò gbà á. Ó wá tẹ orí ba.

"Bàbá Kẹ́mi, ẹ forí jì mí. Ẹ ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tọ́jú bẹntiróòlù sínú ilé yín. Àwọn dẹ́rẹ́bà tó ń ra ọṣẹ lọ́wọ́ mi ni mo bẹ̀, wọ́n ń bu ú fún mi díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ni mo ń gbé e sí, mi ò gbé e wọ yàrá rí." Ó mí sínú, ó wo ìyá ọkọ rẹ̀. "Ìyá mi, ẹ ní kí n má sọ oṣù mi fẹ́nì kankan. Mi ò sọ ọ́. Ṣùgbọ́n èmi mọ̀ ọ́n. Mo sì mọ̀ pé ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n ò ní fi epo dè mí."

Ọ̀gbẹ́ni Olúsànyà ò sọ ọ̀rọ̀ ilé, kò sọ ọ̀rọ̀ òfin. Ó rìn lọ síwájú ọkọ̀ rẹ̀, ó gbé ìdérí rẹ̀ sókè. Sàlàkọ́ àti ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e. Abọ́ tánganran náà wà níbẹ̀ lábẹ́ aṣọ funfun rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni kẹ́ẹ̀gì náà wà, níbi tí Sàlàkọ́ fúnra rẹ̀ gbé e sí, àbẹ́là ṣì dí i lẹ́nu, ó fara ti ìdérí táǹkì epo.