Ọjọ́ Tí Bàbá Awakọ̀ Sọ̀ Kalẹ̀ ní Ìhín

Ìlú méjì ló wà létí odò kan náà. Wákàtí kan péré ni bọ́ọ̀sì fi ń ti ọ̀kan dé èkejì. Èyí tó tóbi, tí ilé rẹ̀ ń kan ojú ọ̀run, ni àwọn ará ìlú kékeré ń pè ní Ọ̀hún. Tiwọn, wọn a pè é ní Ìhín. Bí àlejò bá ṣèèṣì wọ Ìhín, àwọn ọ̀dọ́ a máa rẹ́rìn-ín pé, "Táyà ọkọ̀ rẹ̀ ló jò."

Àǹtí Atẹ̀wé kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń ṣiṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé àtijọ́ tó wà nítòsí afárá olókùúta, níbi tí wọ́n ti ń to lẹ́tà òjé lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń fọwọ́ yí ẹ̀rọ. Tàdáwà ti wọ abẹ́ èékánná rẹ̀ débi pé apá ọṣẹ kò ká a mọ́.

Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, oníṣègùn eyín, Ọ̀hún ló ń gbé ní tirẹ̀. Eléyín ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń pè é. Lọ́sẹ̀ tí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ àti bàbá ọmọbìnrin náà fẹ́ wá kí wọn nílé, ó tẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láago.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, títì ńlá la máa gbà. Kò sídìí fún yíyí ká inú ìlú. A ó kíra, a ó jẹun, a ó máa lọ."

"Kí ló ṣe inú ìlú?"

"Àǹtí, kí ló wà níbẹ̀? Ògiri tó ti hu ewé?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ eegun, ṣùgbọ́n ó gbé e mì. Ọ̀rọ̀ ìyàwó kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjà. "Mo ti gbọ́," ló wí.

Nígbà tó di ọjọ́ Sátidé, ó se ìrẹsì àti ọbẹ̀ ẹja sílẹ̀ láàárọ̀, ó tilẹ̀kùn, ó sáré lọ síbi iṣẹ́, torí aago méjì ni àwọn àlejò ní àwọn máa dé. Àṣé bàbá ìyàwó kò mọ bí wọ́n ṣe ń pẹ́. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni kó tó fẹ̀yìn tì, aago ló sì fi tọ́ ara rẹ̀. Aago méjìlá ọ̀sán kò tíì lù tí wọ́n fi dúró síwájú ilẹ̀kùn tí wọ́n tì pa. Kọ́kọ́rọ́ wà lápò Àǹtí. Kò sí ohun tí Eléyín lè ṣe mọ́, àfi kó kó àwọn àna rẹ̀ gba inú ìlú àtijọ́ lọ sí ilé ìtẹ̀wé. Ó ń sáré rìn bí ẹni tí òjò ń lé bọ̀.

"Àǹtí, kọ́kọ́rọ́," ló wí láti ẹnu ọ̀nà. Kò tilẹ̀ rántí kí i.

Àǹtí Atẹ̀wé fi aṣọ nuwọ́. "Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ kú ìrìn. Ẹ má bínú, ọwọ́ mi dọ̀tí."

"Ọwọ́ iṣẹ́ kì í dọ̀tí," ni bàbá dáhùn. Bó ṣe fẹ́ yíjú padà báyìí, ojú rẹ̀ bọ́ sára ògiri tí wọ́n lẹ àwọn ojú ìwé àtijọ́ mọ́. Ọ̀kan nínú wọn ní àwòrán ewúrẹ́ lórí àkàbà. Bàbá sún mọ́ ọn. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀ kúrò, ó dijú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láìwo ìwé:

"Ewúrẹ́ gun àkàbà. Ó gùn ún tán, ó wolẹ̀. Ta ni yóò gbé mi sọ̀?"

Ọmọ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá mi, níbo lẹ ti rí ìyẹn?"

"Ìwé tí mo fi mọ̀wé kà ni! Mi ò tíì pé ọmọ ọdún méje. Èmi rò pé Ọ̀hún ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ ni o."

"Rárá, sà. Orí ẹ̀rọ yìí ni." Àǹtí nàka sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé, níbi tí orúkọ Ìhín wà ní lẹ́tà wínníwínní. Ó wá ṣàlàyé fún un. Láyé ìgbà náà, èbúté lásán ni Ọ̀hún, ilé ìkẹ́rù mẹ́fà àti ilé oníbodè kan. Ìhín ni ilé ẹjọ́ àti ilé ẹ̀kọ́ wà. Òpópónà kan tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé kìkì àwọn tó ń fi òwú rán ojú ìwé pọ̀ ló ń gbé ibẹ̀. Ìgbà tí rélùwéè dé, Ọ̀hún ni wọ́n gbé ibùdókọ̀ sí. Àwọn agbẹjọ́rò tẹ̀ lé ọkọ̀, àwọn oníṣòwò tẹ̀ lé agbẹjọ́rò. "Ṣùgbọ́n wọn ò rí òkúta gbé lọ, sà. Gbogbo rẹ̀ ṣì wà níbí."

"Mo fẹ́ rí i," ni bàbá wí.

"Sà, oúnjẹ..." ni Eléyín bẹ̀rẹ̀.

"Oúnjẹ ò ní sá lọ. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi wa bọ́ọ̀sì kọjá lórí títì yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Ẹsẹ̀ mi ò kan ilẹ̀ ìlú yìí rí."

Wọ́n gba abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ olópòó tó gùn láti ilé ẹjọ́ àtijọ́ dé etí odò, tí òjò kì í pa èèyàn lábẹ́ rẹ̀. Bàbá ń fọwọ́ pa àwọn òpó náà lára bí ẹni ń tu ẹṣin lójú. Lẹ́nu ilẹ̀kùn kan, ìyá arúgbó kan ń fi abẹ́rẹ́ rán ìwé. Ó ní ibẹ̀ náà ni ìyá òun jókòó sí ṣe irú iṣẹ́ yìí. Nígbà tí wọ́n dórí afárá, bàbá lóṣòó, ó fi àtẹ́lẹwọ́ wọn ojú ipa tí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ẹrù ti gbẹ́ sára òkúta.

"Ẹrù kí ló wúwo tó báyìí?"

"Ìwé ni, sà. Ìwé àwọn ọmọ Ọ̀hún."

Bàbá dìde, ó wo Eléyín. "Ọmọ mi, o sọ fún wa lọ́nà pé kò sí nǹkan kan níbí. Kí ló dé?"

"Ó fẹ́ kẹ́ ẹ tètè sinmi ni, sà," ni Àǹtí sáré dáhùn.

Eléyín mirí. "Rárá o. Ojú ló ń tì mí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Ọ̀hún, Ará-Ẹ̀yìn-Odò ni wọ́n ń pè mí nílé ìwé. Mo wá sọ ọ́ dàṣà pé kí wọ́n tó bú ìlú mi, màá ti kọ́kọ́ bú u fúnra mi."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Àwa tá à ń bú yín, ṣebí ìwé yín náà la fi mọ bí wọ́n ṣe ń kọ èébú sílẹ̀!"

Àfẹ́sọ́nà fi ọwọ́ kọ́ ọwọ́ Eléyín. "O fi afárá tó dáa báyìí pa mọ́ fún mi látèṣí. A ó yanjú ìyẹn."

Aago mẹ́ta ti kọjá dáadáa kí wọ́n tó jókòó ti ìrẹsì. Ó ti tutù. Àǹtí tún gbé e kaná, ìdí rẹ̀ sì jó díẹ̀. Bàbá jẹ àwo méjì, ó bọ́ bàtà, ó sùn lọ lórí àga. Nílé ìdáná, Eléyín ń fọ àwo, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń nù ún.

"Àǹtí mi, ẹ má bínú."

"Bínú kẹ̀? Fọ ìdí ìkòkò yẹn dáadáa."

Láti ojú fèrèsé, wọ́n rí àfẹ́sọ́nà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bi aládùúgbò léèrè ọ̀nà tó lọ sí òpópónà àwọn aránwèé; ó ní òun ò tíì rí i tó. Bọ́ọ̀sì aago márùn-ún tó yẹ kó gbé wọn padà fun fèrè, ó kọjá lọ sí Ọ̀hún. Kò sẹ́ni tó jí bàbá.